Ìwé oúnjẹ la fọwọ́ sí, a kò fọwọ́ sí kúárì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìròyìn. Orúkọ mi wà nínú ìwé kan tí wọ́n ti gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní ìwé náà ni ẹ̀rí pé àwa ará abúlé wa ti gbà kí wọ́n wá dá kúárì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, sílẹ̀ lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa. Èmi ni mo kọ orúkọ yẹn lóòótọ́, ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n n kò gbà fún wọn lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì gbà títí di òní tí mò ń kọ lẹ́tà yìí.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni abúlé wa wà. Béèyàn bá ti Abẹ́òkúta ń bọ̀, tó dojú kọ ọ̀nà Ìbàdàn, yóò kọjá Ọ̀sìẹ̀lẹ̀ kó tó yà sọ́dọ̀ wa. N kò ní dárúkọ abúlé náà nítorí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Láfún ni mò ń ṣe. Ọdún 26 rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ mẹ́ta wọ abúlé. Wọ́n ránṣẹ́ káàkiri pé ká wá sí gbàgede Baálẹ̀, àlejò dé. A dé ibẹ̀, a bá ọ̀gbẹ́ni kan tó dé akoto bí àwọn tó ń kọ́ afárá. Òyìnbó ló ń sọ, ọmọkùnrin kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn fẹ́ bá wa da ọ̀dà sójú ọ̀nà, wọn yóò gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún wa, àwọn ọmọ wa yóò sì ríṣẹ́. A pàtẹ́wọ́. Ta ni wọ́n ń ṣe ọ̀nà fún tí kò ní pàtẹ́wọ́? Nígbà tí bàbá kan bi wọ́n pé kí ni wọn yóò fi fọ́ àpáta náà, ọ̀gbẹ́ni yìí sọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n ohun tí ògbufọ̀ sọ fún wa kò ju pé "ọ̀nà ìgbàlódé ni, bàbá, ẹ má ṣèyọnu."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé kan káàkiri, wọ́n ti fàlà sí i: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìbuwọ́lùwé. Ọmọkùnrin ògbufọ̀ ní ká kọ orúkọ wa kí àwọn lè mọ iye oúnjẹ tó máa kárí. Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀wé tẹ ìka. Nọ́ńbà 43 ni mo bá ara mi. Mo rántí dáadáa nítorí pé èmi ni mo bá ìyá tó wà ní nọ́ńbà 42 kọ tiẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Olóòtú, mo ti wo òkè ìwé yẹn kí n tó kọ ọ́. Kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ó ṣófo. Wọ́n fún kálukú ní ráìsì nínú abọ́ fóòmù, ẹja kan àti omi kan, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí àwọn ọ̀dọ́ wa méjì tó lọ ṣèwádìí ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba fi ẹ̀dà ìwé náà hàn wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ náà sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ wá sílé. Orúkọ wa ni lóòótọ́, ìka àwọn ìyá wa ni. Ṣùgbọ́n òkè tó ṣófo lọ́jọ́ Sátidé ti ní ọ̀rọ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí ti gbọ́ gbogbo àlàyé, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn. Nígbà tí a ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìyá tó wà ní nọ́ńbà 42, ó dákẹ́ títí, ó wá bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé ìwọ lo kọ ìyẹn fún mi?" Láti ọjọ́ náà ni oorun mi kò ti dùn mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni alákoto yẹn sọ nǹkan kan lọ́jọ́ ìpàdé tó dùn mí. Ó ní òkúta lásán ló jókòó síbẹ̀, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ ohun tí òkúta lásán náà ń ṣe fún wa.

Bí a bá hú ẹ̀gẹ́, a ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀. A ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó kó o sápò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó gbé e gun àpáta. Kí oòrùn tó yọ, àwa obìnrin ti wà lókè pẹ̀lú ìgbálẹ̀, a ń gbálẹ̀ àpáta bí ẹni gbá pálọ̀ ilé. A ó fi ọwọ́ fọ́n láfún sí i wẹ́wẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn ń ti òkè pa á, ooru àpáta ń ti ìsàlẹ̀ yan án. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ méjì ti tó, yóò gbẹ kanrankanran. Ẹni tó bá sá a sórí tapólì nílẹ̀, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí òjò bá ká a mọ́bẹ̀, ó di kó máa rùn nìyẹn.

Kò sí ọgbà lórí àpáta yẹn, ṣùgbọ́n kálukú mọ ojú tirẹ̀. Ti ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òkúta ti là bí ẹnu ẹja, ó dé ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ kékeré kan tó hù nínú pàlàpálá. Láti ọdún 2011 tí màmá ti papò dà ni mo ti ń sá tèmi síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í da láfún sójú ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó bi mí.

Àwọn oníbàárà mi ń wá láti Láfẹ́nwá àti Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé kí ó tó sanwó, yóò tú ẹnu àpò, yóò bu láfún fín-ín-fín sẹ́nu, yóò sì máa fi eyín iwájú rin ín díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ yóò sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Yanrìn ló ń gbọ́. Bí eyín rẹ̀ bá dún "kẹrẹ" péré, yóò so àpò padà, yóò sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ wá sọ fún mi, bí ẹ̀rọ ìlọta bá ń lọ òkúta láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́yìn ilé wa, láfún ta ni kò ní dún kẹrẹ?

Mi ò fi àbá sọ̀rọ̀ o. Àbúrò mi obìnrin lọ́kọ sí ìlú kan tí kúárì ti wà, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ ní ọdún 2022. Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, bí aago méjì ọ̀sán, fèrè dún gbọọrọ. Àbúrò mi gbé ọmọ kúrò lórí ẹní, ó fa ọwọ́ mi, a jáde síta. Mo rí i pé gbogbo ará ilé kejì náà ti jáde, kò sí ẹni tó ń sáré, ó ti mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dún. Kì í ṣe ariwo rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan bí ọkọ̀ tó bọ́ sí kòtò. Àwọn abọ́ inú ilé ń ró wọnranwọnran. Kò pẹ́ ni eruku dé, ó bo òrùlé, ó bo aṣọ ọmọ tí mo sá sórí okùn. Oṣù òjò ni o. Mo fi ìka kọ orúkọ ọmọ sórí tábìlì tí mo nù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì hàn gedegbe.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ti là láti ìdí fèrèsé dé ilẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mi gba ibẹ̀ ní ìbú. Bébà sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ká tí wọ́n fi dí i. Ilé bulọ́ọ̀kù nìyẹn. Èyí tí ọkọ mi kọ́ fún mi kó tó kú, amọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì la kàn fi rẹ́ ẹ. Mo fẹsẹ̀ ka ọ̀nà láti ẹ̀yìnkùlé mi dé ìdí àpáta, ìṣísẹ̀ 312 ni.

Ọmọ mi kan ń kàwé ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Alábàtà. Òun ló wá òfin jáde tó sì kà á fún wa ní Yorùbá lábẹ́ igi lálẹ́ ọjọ́ kan, a fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Òfin ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe sí àyíká dárúkọ kúárì ní tààrà. Ó ní bí kúárì bá fẹ́ wà láàárín kìlómítà 3 sí ibi tí èèyàn ń gbé, dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò náà, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ará ìlú. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007, ní abala 3, sọ pé ìwé àṣẹ ìwakùsà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wà á lórí ilẹ̀ tí abúlé, ọjà, ibi ìsìnkú tàbí ojúbọ àwọn baba ńlá wà. Ìdí àpáta wa níhà ìlà oòrùn ni ibojì àwọn àgbà wa wà, ibẹ̀ la sin ọkọ mi sí. Abala 116 òfin kan náà ní kí ilé iṣẹ́ tó gba kúárì bá ìlú ṣe àdéhùn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àdéhùn wo ni wọ́n bá wa ṣe? Ráìsì abọ́ fóòmù?

Ọmọ yìí kan náà ló ṣàlàyé fún wa pé eruku gránáìtì, òkúta líle tí wọ́n ń fọ́ ní kúárì, kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní silica wà nínú rẹ̀. Èyí tó kúnná jù, tí ojú kò lè rí, ni ó máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà sí bó ṣe wà. Mo ronú kan ọmọ àbúrò mi tí mo wẹ̀.

A tún bi àwọn oníkúárì náà ní ìbéèrè kan tí wọn kò dáhùn: níbo ni wọn yóò máa kó ẹ̀tù tí wọ́n ń fi bú àpáta pamọ́ sí? Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ní Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024. Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù sínú ilé kan ládùúgbò. Èèyàn kú, ilé wó lulẹ̀. N kò sọ pé irú wọn ló wá bá wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wá jókòó tì mí pẹ̀lú ẹ̀tù, ó yẹ kó lè sọ ibi tí yóò gbé e sí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo abúlé ló wà lẹ́yìn mi. Ìdílé tó ni ilẹ̀ àpáta náà ti gbowó, wọn kò sì fi pamọ́. N kò lè bú wọn, ìyà tó ń jẹ wá ló ń jẹ àwọn náà. Ọmọ àbúrò ọkọ mi sì sọ ọ́ sí mi lójú pé, "Mọ́mì, láfún yín kò lè ra ọ̀kadà fún mi." Mo gbọ́ ọ. N kò bá a jà. Ohun tí mo sọ fún un ni èyí tí mo fojú ara mi rí lọ́dọ̀ àbúrò mi: ibòmíràn ni wọ́n ti kó àwọn tó ń wa ẹ̀rọ àti típà wá. Ọmọ ìlú méjì péré ni mo rí níbẹ̀. Ọ̀kan ń ṣọ́ géètì, ìkejì ń fi ike da omi sójú ọ̀nà kí eruku má baà pọ̀.

A mọ̀ pé gránáìtì ni wọ́n fi ń ṣe títì, òun náà ni wọ́n fi da kọnkéré ilé ìwé àwọn ọmọ wa. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àpáta lọ súà, pàápàá ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá èyí tí kò sí ilé èèyàn, oko èèyàn àti ibojì èèyàn ní ìdí rẹ̀.

Àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà ní Àbújá àti àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Abẹ́òkúta ni mò ń bẹ̀ nípasẹ̀ ìwé ìròyìn yín. Ẹ má ka ìwé ọjọ́ Sátidé yẹn sí ìfọwọ́sí wa. Ẹ wá sí abúlé fúnra yín lọ́sàn-án gangan, ẹ mú àyẹ̀wò tí wọ́n ní àwọn ṣe dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kà á sí wa létí látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má gbé oúnjẹ wá.

A ti kọ ìwé tiwa báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òkè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, ní Yorùbá, ọmọ mi sì kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sábẹ́. A kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bírò. Èèyàn 118 ló ti fọwọ́ sí i tàbí tẹ ìka. Ìyá tí ojú rẹ̀ kò ríran ní òun kò fẹ́ kí n bá òun kọ ọ́ mọ́. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ojú ìlà, ó tẹ ìka rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n tún un kà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí fún yín.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, oníláfún,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, Ìpínlẹ̀ Ògùn.