Ta Ló Ni Àlọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Lẹ́tà tí ará Adó kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Ó ní àwọn eléré òyìnbó ti ba àlọ́ àtijọ́ jẹ́ pátápátá, torí wọ́n ń fi adúláwọ̀ ṣe ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dàda ni. (Ìyá tó bá bí dàda rí mọ ohun tí ojú wa ń rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé.) Nígbà tá a wo The Little Mermaid ti 2023, fíìmù ọmọbìnrin inú omi tó ń jẹ́ Ariel, lórí fóònù, kò tiẹ̀ gbọ́ orin, irun Ariel ló tẹjú mọ́. Dàda ni Halle Bailey, adúláwọ̀ tó ṣe Ariel, fi ṣe eré náà, wọ́n kàn fi irun pupa wé e. Ọmọ mi fa ọ̀kan nínú tirẹ̀ wá síwájú ojú, ó nà án ti fóònù, ó ní, "Màmá mi, tiẹ̀ náà ò ṣe é yà."

Eré yìí kan náà ni wọ́n ń pariwo lé lórí láti 2019, tí wọ́n ti dárúkọ Halle Bailey pé òun ni yóò ṣe Ariel. Nígbà tí wọ́n fi díẹ̀ hàn nínú rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2022, ìròyìn ní àwọn tó tẹ àmì "n kò fẹ́" lórí YouTube lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n ní kò bá ti àtijọ́ mu. Ó dáa. Hans Christian Andersen, ará Denmark, ló kọ àlọ́ náà ní 1837. Òótọ́ ni pé ó ní ẹyinjú ọmọ inú omi náà búlúù bí òkun. Àmọ́ nínú ìwé tirẹ̀, ọmọọba fẹ́ ẹlòmíì, ọmọ yìí sì di ìfófòó lójú omi. Ní 1989, àwọn oníkàtúùnù fún un lọ́kọ, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ayé pàtẹ́wọ́. Wọ́n jí òkú dìde, inú ò bí àwọn tó ń pariwo yìí. Àwọ̀ ló wá bí wọn nínú.

Bí ẹnìkan bá fi òyìnbó ṣe Mọremí lọ́la, èmi ni n ó kọ́kọ́ figbe ta, n kò ní purọ́. Mọremí nílé, ó lọ́kọ, ó bímọ, ère rẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 wà ní Ifẹ̀. Ìtàn nìyẹn. Àlọ́ Ìjàpá tí ìyá ìyá mi ń pa ní Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́? Kò bá tàwọn ará Ìjerò mu, orin inú rẹ̀ gan-an yàtọ̀, a ò sì torí ẹ̀ jà. Ẹni tó ń pa á lálẹ́ ọjọ́ náà ló ni ín.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, èmi ni Gébúrẹ́lì nínú eré Kérésì wa. Tíṣà da páúdà sí mi lójú títí dé ọrùn, wọ́n ní áńgẹ́lì kì í dúdú. Mo sín títí mo fi gbàgbé ohun tí mo fẹ́ bá Màríà sọ. Bíbélì ò sọ àwọ̀ Gébúrẹ́lì, ẹnikẹ́ni ò sì kọ lẹ́tà sí olóòtú.

Ní báyìí, ọmọ mi ní kí n bá òun ra ọ̀dà irun pupa. Bàbá rẹ̀ ní a kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan orí dàda. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nílé wa.

Ìyá Dàda,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.