Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì tó máa ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni mo fẹ́ sọ sí. Èmi náà ti bá wọn lọ rí, àwa bí ogójì la ya dé, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ò sì ju mẹ́fà lọ, làwa tó kù bá dúró tá a ń wo ògiri tá a ń ya fọ́tò, ìyá tó ń bójú tó ibẹ̀ wá ń sáré kiri wáṣẹ́ fún wa, iṣẹ́ tiẹ̀ gan-an sì dúró. Ṣé ìrànlọ́wọ́ nìyẹn?

Látọdún 1985 ni UN ti ya ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fáwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó dáa, àmọ́ ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù pe ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ràn lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo lọ́wọ́ wọn ò ká. Ó lè jẹ́ àpò aṣọ tó yẹ kẹ́ ẹ bá wọn ṣà, tàbí orúkọ inú ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, èèyàn márùn-ún á parí ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Fọ́tò àwọn ọmọ kéékèèké tẹ́ ẹ máa ń bá níbẹ̀ ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé yà á, ó máa ń bí mi nínú.

Èmi ni,
Ẹni tó ti kunlé rí