Má gba báírò lọ́wọ́ wọn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ o. Ariwo tó wà lọ́dọ̀ mi nígbà tó o pè lánàá ò jẹ́ kí n lè dá ẹ lóhùn bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tẹ eléyìí ránṣẹ́ kó o lè rọra kà á. O ní àwọn ọmọ kíláàsì ẹ kì í nawọ́, pé tó o bá ti béèrè nǹkan, ilẹ̀ ni gbogbo wọn á máa wò, pé ọmọbìnrin kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kó tó gbé báírò rárá á ti ní "mi ò mọ̀ ọ́n, mà." O ní o ti yìn wọ́n yìn wọ́n títí ó fi sú ẹ, kò sì sí ìyàtọ̀.

Kò lè sí ìyàtọ̀ náà. Àwọn ọmọ yẹn ò gọ̀ o. Ẹni tó gba 3 nínú 20 tó o wá ń sọ fún pé ó káre, ó mọ̀ pé àánú òun ló ń ṣe ẹ́. Ohun tó ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀ ni pé ó ti ṣe irú ẹ̀ rí, tó sì dá a lójú pé òun lòun ṣe é. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1977 náà fi ìyẹn ṣáájú, ó ní ìṣírí ẹnu ò lágbára tó nǹkan téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe tó sì yege.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ, mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, ọmọkùnrin kan wà tí ìṣirò ń dà láàmú, èmi náà wá fẹ́ràn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá ti há báyìí màá gba báírò lọ́wọ́ ẹ̀, màá ṣe é wàrà wàrà, màá ní ṣó ti yé ẹ, á ní ó ti yé òun mà. Ìwé ẹ̀ mọ́ tónítóní, àṣé ọwọ́ mi ló kún inú ẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò ló jókòó tó ń wo bébà. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Mo rò pé ẹ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni, mà." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò nínú mi dòní.

Torí náà, má gba báírò lọ́wọ́ wọn, jàre. Ká ní ó fẹ́ ro ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, tó wá há. Bi í pé nọ́ńbà wo ni 3 lè pín tí 4 náà lè pín. Tó bá ti rí 12, panu mọ́. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe gbogbo ẹ̀ fún un ku ìlà tó kẹ́yìn, kí òun parí ẹ̀, nínú èyí tó kàn kó o ṣẹ́ ìlà méjì kù, lẹ́yìn náà mẹ́ta, títí tó fi máa jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣe é, kò tiẹ̀ ní mọ ìgbà tó o yọwọ́.

Ti nínawọ́ yẹn, ìwọ lò ń kánjú. Má bínú o, mo mọ ẹ. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, fara balẹ̀ gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó rí i pé àwọn tíṣà kì í sábà dúró ju nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè kí wọ́n tó pe ẹlòmíì tàbí kí wọ́n fẹnu ara wọn dáhùn. Àwọn tó mú un dé 3, ìdáhùn àwọn ọmọ wọn gùn sí i, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ sí i, "mi ò mọ̀" sì dín kù. Sẹ́kọ́ńdì 3 péré o! Àmọ́ á gùn lójú ẹ bí ọdún, o máa rí i. Máa kà á nínú ẹ. O sì lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀ ná, ẹni tó ti ní nǹkan nínú ìwé ẹ̀ kì í bẹ̀rù bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ṣófo.

Tí wọ́n bá ní àwọn kàwé àmọ́ gbogbo ẹ̀ fò lọ nínú ìdánwò, bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe kà á. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n kàn ń tún un kà ni. Àwọn méjì tó ń ṣèwádìí nípa béèyàn ṣe ń rántí nǹkan, Roediger àti Karpicke, dán èyí wò ní 2006, àwọn tó ń tún un kà ló dá lójú jù pé àwọn máa rántí, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló ṣe dáadáa jù. Ìgboyà tó ń tanni jẹ nìyẹn. Kí wọ́n máa pa ìwé dé.

Wàyí o, ọmọbìnrin yẹn. Má bá a jiyàn pé ó mọ̀ ọ́n. Bi í pé, "Ibo lo bá a dé kó tó rú ẹ lójú?" kó o sì dúró. Wá ìwé ẹ̀ ti oṣù tó kọjá, ṣí ibi tó ti ní òun ò lè ṣe kiní kan tó jẹ́ pé ó ń ṣe é nísinsìnyí láìronú, gbé e síwájú ẹ̀, má sọ nǹkan kan, kó fojú ara ẹ̀ rí i.

Pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn tó o dákẹ́.

Ìyá rẹ