Rìsíkátù, má fi ilé-ìkàwé náà sórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo

Rìsíkátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Tankẹ bí ọmọkùnrin, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣe sọ́fítíwíà náà wá kí mi. Ó ní láti ìgbà tí àwẹ̀ ti parí, kò gbọ́ ohùn rẹ mọ́, àti pé orí láptọ́ọ̀pù rẹ nìkan ni gbogbo kọ́ọ̀dù náà wà. Àwọn olùkọ́ ní Ọ̀fà tí ẹ ṣèlérí ilé-ìkàwé orí ẹ̀rọ fún ṣì ń retí yín. Bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù yẹn lọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò gbé fóònù bàbá rẹ?

Mo mọ̀ pé o mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹni tó kọ ọ́ nìkan ò tíì di ti gbogbo ayé. Ó ti pẹ́ tí o ti ń kó oríṣiríṣi láíbúrárì (kọ́ọ̀dù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) sínú ẹ̀rọ rẹ, o ò sì lè rántí gbogbo wọn. Nítorí náà, lo sbuild, irinṣẹ́ tó ń di sọ́fítíwíà, láti fi di páákéèjì náà fún Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Àyè òfìfo ló máa ṣí. Yàtọ̀ sí ìpìlẹ̀ tí Debian ń fún gbogbo iṣẹ́, kìkì ohun tí o kọ sí Build-Depends, àtòkọ ohun tí kọ́ọ̀dù náà nílò, nínú fáìlì debian/control ló máa fi síbẹ̀. Bó bá kọsẹ̀, ohun kan wà tí o gbàgbé láti kọ. Kọ ọ́ sí i, kí o tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, lo lintian láti fi wá àṣìṣe inú páákéèjì náà. Má fojú fo ohun tó bá sọ nípa debian/copyright, fáìlì tó ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà àti àṣẹ tó fi sílẹ̀.

AGPL, ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà tí o yàn, dára: ẹni tó bá tún kọ́ọ̀dù náà ṣe, tó sì gbé e sórí sẹ́fà, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó ń lò ó rí ohun tó tún ṣe. Àmọ́ àṣẹ sọ́fítíwíà kì í ṣe àṣẹ ìwé. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ó di ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé kí ìwé rẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ti Àjàyí Crowther, tó kú ní 1891, kò ní wàhálà. Ìwé ẹni tó ṣì wà láyé, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nínú iṣẹ́ gan-an ni àmì. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún lẹ́tà ọ́ nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà. Ẹnì kan á fi U+1ECD (ọ) àti U+0301 (àmì ohùn òkè) kọ ọ́, ẹlòmíràn á kọ o, U+0323 (àmì róbótó abẹ́ lẹ́tà) àti U+0301. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀tọ̀ ni. Ọmọ iléèwé á wá ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ á ní kò sí. Sọ gbogbo ìwé di NFC, ọ̀nà ìkọ tí Unicode là sílẹ̀ kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀kan náà, bí ó bá ti ń wọlé, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sójú àpótí ìwáǹkan di NFC pẹ̀lú. Bí o bá ṣe ẹyọ kan láì ṣe èkejì, asán ni. Síbẹ̀, NFC ò ní fọwọ́ kan U+0329, ìlà kékeré tí àwọn ìwé kan ń fi sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Ìwọ fúnra rẹ lo máa pààrọ̀ rẹ̀ sí U+0323, kí o tó ṣe NFC. Ní ti àwọn tí kì í tẹ àmì rárá, ṣe atọ́ka kejì tí a ti bọ́ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀.

Ṣé o ń jẹun ṣá? Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ọ pé ẹni tó mọṣẹ́ kì í bèèrè. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí báyìí. Bóyá òun ló jẹ́ kí o dá ẹrù náà rù. Bèèrè, ọmọ mi. Fún ọ̀rẹ́ rẹ ní àṣẹ láti gbé àtẹ̀jáde jáde, kì í ṣe láti wo kọ́ọ̀dù lásán. Kí Git náà, àpò tó ń tọ́jú kọ́ọ̀dù àti gbogbo àyípadà rẹ̀, wà níbi méjì, yàtọ̀ sí láptọ́ọ̀pù yẹn. Mo tún sọ ọ́: yàtọ̀ sí láptọ́ọ̀pù yẹn!

Ti EPUB, irú fáìlì ìwé orí ẹ̀rọ tí a dì sínú zip: fáìlì mimetype, tó ń sọ irú fáìlì tó jẹ́, ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú zip, láì fún un pọ̀. Báìtì 20 géérégé ni. Bí Enter bá wọ ìparí rẹ̀, ó di 21, epubcheck, irinṣẹ́ tó ń yẹ EPUB wò, á sì kọ̀ ọ́. Lo zip -X0 fún un, kí o tó fi zip -Xr9D kó ìyókù. Fi fọ́ǹtì tó mọ ibi tí àmì ń jókòó sí sínú rẹ̀, bíi Charis SIL, torí àwọn fóònù mìíràn máa ń ti àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà.

Mo ti fi owó dátà sí àkáǹtì rẹ. Lálẹ́ òní, fi kọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú sha256sum rẹ̀, nọ́ńbà tí màá fi mọ̀ pé fáìlì náà ò bàjẹ́ lọ́nà, bó ti wù kó rí. Màá gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Debian sí, màá sì kọ gbogbo ibi tó bá ti kọsẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ìyá rẹ ní kí o pè é lẹ́yìn ìrun Íṣáì.

Bàbá rẹ,
Ìlọrin