Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó lé àwọn aláyẹ̀wò padà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà adìẹ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó oúnjẹ adìẹ. Ìyàwó yín ló pè mí láti Ìjù pé àwọn kan wá pẹ̀lú àpótí yìnyín àti òwú nínú ike gbọọrọ, pé wọ́n fẹ́ gba díẹ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ, ẹ sì ní kí wọ́n máa lọ. Ó ní ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló kan ìjọba nínú ìdí adìẹ mi?" Mo rẹ́rìn-ín, torí ńṣe ni mo gbọ́ ohùn yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síta gbangba, kí àwọn mìíràn tó ń sin adìẹ yíká Àkúrẹ́ lè bá wa dá sí i.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Nígbà tí bird flu wọ Nàìjíríà ní 2006, láti Kaduna, ọgbà tí wọ́n bá ti rí i, gbogbo adìẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń pa. Ẹni tó bá rántí ìyẹn, tó rí ẹni tó gbé òwú wá, ó yẹ kó tìlẹ̀kùn. Iṣẹ́ tàwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Kòkòrò tí wọ́n ń wá, E. coli, inú ìfun adìẹ tó dá ṣáṣá ló ń gbé, ó wà nínú tèmi àti tiyín náà. Wọ́n kàn fẹ́ mọ oògùn tí kò ràn án mọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò ní pa adìẹ yín torí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí níbi iṣẹ́ mi, ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Tí wọ́n bá gbé ìtọ̀ aláìsàn wá, a máa ń gbin kòkòrò inú rẹ̀ sórí àwo pẹlẹbẹ kan tí ohun inú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ tútù. A ó to bébà róbótó wẹ́wẹ́ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oògùn tirẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, oògùn tó ṣì lágbára á ti lé kòkòrò sẹ́yìn, ẹ ó rí àlàfo róbótó yí bébà rẹ̀ ká. Èyí tí agbára rẹ̀ ti tán, kòkòrò á hù dé etí bébà gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé àwo obìnrin kan síbi ìmọ́lẹ̀: yíká bébà ciprofloxacin, kò sí àlàfo kankan.

Enrofloxacin tí ẹ máa ń dà sómi adìẹ tí wọ́n bá ti ń sín, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ciprofloxacin. Kódà nínú ara adìẹ, apá kan rẹ̀ máa ń yí padà di ciprofloxacin. Kòkòrò tó bá ti mọ bó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, kì í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Láti 2005 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de lílo enrofloxacin fún adìẹ. Mi ò sọ pé kòkòrò obìnrin yẹn ti ọ̀dọ̀ yín wá o, ẹ má bínú. Kẹ́mísì náà ń ta ciprofloxacin fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ní inú ń run òun, láìbéèrè ìwé dókítà. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka síbi tó ti wá, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wo èèyàn, adìẹ àti omi pọ̀.

Apá kan iṣẹ́ yẹn ni àwọn tí ẹ lé ń ṣe. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ètò kan lélẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2015 lórí kòkòrò tí kò gbóògùn mọ́. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 2017: NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ló ń ṣe kòkárí, wọ́n pe iléeṣẹ́ ìlera, ti àgbẹ̀ àti ti àyíká jókòó sídìí tábìlì kan. Ètò kejì, ti 2024 sí 2028, ló wà nílẹ̀ báyìí. Ní 2024 yẹn náà ni ìjọba dá iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, ó di dandan kí wọ́n wá àga mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà sì tó bẹ́ẹ̀: ìwádìí tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2022 ní 1.27 mílíọ̀nù èèyàn ni kòkòrò tí kò gbóògùn mọ́ pa káàkiri ayé ní 2019 nìkan.

Ibi tí mo ti gbè yín rèé. Ìwé ò wọ́n ní Abuja. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni okùn ti ń já. Ẹni tó ń yẹ ìgbẹ́ adìẹ wò kò mọ̀ mí rí. Ẹni tó yẹ kó máa wo omi odò Àlà kò mọ àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń gbin ẹ̀fọ́ tí à ń rà lọ́jà, òjò á sì gbá ìyókù lọ sódò. Wọ́n á gba ìgbẹ́ lọ́dọ̀ àgbẹ̀, èsì á wọ inú ìròyìn, àgbẹ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ta ni irú ìyẹn ò ní bí nínú? Òkè òkun ni púpọ̀ nínú owó iṣẹ́ yìí sì ti ń wá. Fleming Fund, àpò owó tí ìjọba Britain gbé kalẹ̀ fún irú àyẹ̀wò yìí, wọ́n ti kéde ní 2025 pé àwọn fẹ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Tí àwa fúnra wa ò bá rí èrè kankan nínú àyẹ̀wò yìí, ta ni yóò bá wa bẹ ìjọba pé kó má jẹ́ kó kú?

Mi ò ní bá yín jà lórí oògùn tí ẹ̀ ń rà. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, dókítà ẹran ò gbé fóònù, olóògùn nìkan ló ṣí ṣọ́ọ̀bù: kí ni èèyàn fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kó kúrò nílé pátápátá. Mo rí sáṣẹ́ẹ̀tì colistin lórí pẹpẹ yín nígbà ọdún Àjíǹde. Ní ilé ìwòsàn, òun là ń sá bá nígbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti kùnà. Ní 2015 ni àwọn ará Ṣáínà kéde pé àwọn rí ohun kan lára kòkòrò inú ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sọ colistin dòfo, tí kòkòrò kan sì lè gbé e fún òmíràn. Nígbà tó fi máa di 2017, ìjọba Ṣáínà ti ní kí ẹnikẹ́ni má pò ó mọ́ oúnjẹ ẹran láti fi mú un sanra.

Àwọn yòókù, ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ orúkọ oògùn, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí. Kí ẹ má kó ẹyin lọ ta títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí yóò fi pé. Tí páálí bá ní kí ẹ má fún adìẹ tó ń yé ẹyin jíjẹ, ẹ má fún un rárá.

Nọ́mbà obìnrin tó ṣáájú wọn wà lọ́wọ́ ìyàwó yín, ó gbà á kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹ pè é. Tí ẹ ò bá fẹ́ pè é fúnra yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é, kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n padà wá gba ìgbẹ́ náà, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín pé àwọn á mú èsì padà wá, ní èdè tí ẹ gbọ́, àti pé kí wọ́n fún èmi náà ní ẹ̀dà kan.

Àbúrò yín,
Alágbàká, Àkúrẹ́