Agolo Bournvita Màámi

Bùnmi mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ ọ́ ní lẹ́tà, má bínú.

Ṣé o rántí agolo Bournvita tí wọ́n torí ẹ̀ nà wá? Màámi ṣí i fún mi lọ́jọ́ Àìkú. Kò sówó níbẹ̀ rárá! Àmì ẹ̀yẹ sójà ni, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, irin, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù aláró, pupa àti olómi ọsàn tó ti ń já. Wọ́n ní ti bàbá àwọn ni. Màámi ṣì wà nínú oyún nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé bàbá lọ sógun ní Burma lọ́dún 1943, kò sì padà. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kankan lára irin náà, ni ọmọ àbúrò bàbá wọn bá ń pariwo pé ti bàbá tòun ni. Ìjà ti dé o.

Àwa tí à ń pè é ní ogun Hitler, àwọn ará Japan mà ni wọ́n lọ bá jà! Àwọn tiwa, àwọn ará Gánà, Sierra Leone àti Gambia, pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà, Nepal àti òyìnbó ló jọ wà níhà kan. Ní àfonífojì Kaladan ní Burma, lọ́dún 1944, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun nínú igbó, bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo ìgbà tí mólúè ń gbé wa kọjá Dodan Barracks, ta ló bi ẹnikẹ́ni pé kí ni Dodan? Burma ni Dodan wà. Ibẹ̀ náà ni orúkọ Arakan Barracks ti Àpápá ti wá.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ìtàn Isaac Fadoyebo, sójà ará Emùré-Ilé, fún Màámi. Ìbọn bà á ní Kaladan ní March 1944, àwọn ará abúlé kan tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí sì fi í pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, alaalẹ́ ni Màámi ń bi mí: "Bí wọ́n bá fi bàbá tèmi náà pamọ́ ńkọ́?" Mo ní a jẹ́ pé ẹ ti ní àbúrò ní Burma nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kúnlé ti tún gbéyàwó. Òrùlé wa ṣì ń jò.

Jọ̀ọ́, àwọn òpó ìrántí kan wà nítòsí Hyde Park Corner, orúkọ Áfríkà wà lára wọn. Bá mi ya fọ́tò ẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní fọ́tò nìkan ò tó o, kí o dúró níbẹ̀, kí o pe "Àkànní" lẹ́ẹ̀kan, kí o pè é sókè dáadáa.

Èmi ni,
Ṣadé