Èdè Wo Ni Àgbádárìgì Fi Ń Gba Àlejò?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ohun tí ó ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti mú ìyá mi lọ wo Àgbádárìgì. Ti ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ láti Èkó kọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn tí ń gbà á lójoojúmọ́ ti sọ ọ́ títí ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wọn. Bí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìlú náà fún àlejò ni ẹjọ́ mi.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí wọ́n kó ohun èlò òwò ẹrú sí, ìyá mi gbé ṣẹkẹṣẹkẹ kan tí kò gbà ju ọrùn-ọwọ́ ọmọdé lọ, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ní: “Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n fi èyí dè?” Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fi wá mọ̀nà wò mí lójú bí ẹni tí ń retí ògbufọ̀. Mo tú ìbéèrè náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, kí n tó tú ìdáhùn padà fún màmá, ó ti wọ yàrá kejì. Nígbà tí a jáde, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin yìí kan náà ń ná àgbọn lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ní Yorùbá tí ó já gaara. Mo bi í léèrè. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí àwọn máa fi ṣiṣẹ́. N kò dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ní Àgbádárìgì yìí ni Àjàyí Crowther, ẹni tí ó ṣe gudugudu méje lórí títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, gbé ní 1845 títí wọ 1846 kí ó tó kọjá sí Abẹ́òkúta, àwọn àlejò sì ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lójoojúmọ́ nítorí orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀. Séríkì Williams Abass tí ó ni ilé tí wọ́n ń há ẹrú mọ́, ọmọ Ìjògà-Orílé ni, ní ilẹ̀ Yewa tiwa níbí. Wọ́n tà á lẹ́rú lọ sí Bràsíl, ó padà dé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ká ní ẹnì kan sọ èyí fún ìyá mi ní èdè tí wọ́n gbọ́, ìbéèrè wọn kì bá tán lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ó sọ̀tàn fún wọn ni awakọ̀ ojú omi tí ó gbé wa sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, ibi tí wọ́n máa ń kó àwọn ẹrú gbà lọ wọ ọkọ̀ òkun láyé ìgbà náà. Ọmọ Ègùn ni, Yorùbá rẹ̀ sì ní ohùn Ègùn nínú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a bi í tí kò fèsì sí. Bí ó ti sọ̀rọ̀ kànga tí wọ́n ní ẹrú tí ó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé, ìyá mi kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi rin yanrìn náà dé etí òkun.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá, wọ́n sì ń náwó, kí Gẹ̀ẹ́sì máa bá iṣẹ́ lọ fún wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹbí tí ó ni díẹ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni pé kí afinimọ̀nà kọ́kọ́ bi àlejò ní ẹnu ọ̀nà léèrè èdè tí ó fẹ́, kí wọ́n sì kọ Ègùn àti Yorùbá sí ara pátákó pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ègùn ni mo kọ́kọ́ dárúkọ, torí àwọn ni wọ́n nílẹ̀.

Ìyá mi ti ròyìn fún àwọn àbúrò wọn méjì, àwọn náà sì ti ní kí n mú àwọn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìlaró